Gbogbo Funfun Kọ́ Ni Lékeléke

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ aṣọ, bóyá ẹ kàn dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn tí ẹ ń retí kí wọ́n mú iná wá. Èmi náà nìyí, láti Òṣogbo. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ti aládùúgbò mi ni.

Inú fọ́ìsì nóòtì kan ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, láti CMS lọ sí Tarkwa Bay. Ó ní àwọn ẹyẹ funfun kan ń fò tẹ̀lé ọkọ̀ wọn, wọ́n ń já bọ́ sínú omi bí òkúta, wọ́n sì ń gbé ẹja jáde. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lékeléke náà ti ń lúwẹ̀ẹ́ lókun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé n kò lè fi rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín dáhùn. Èmi gan-an, títí di nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹyẹ funfun yòówù tí mo bá rí, lékeléke ni mo ń pè é. Irú àṣìṣe yẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn yẹn, torí pé ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni a máa gbé lọ sórí òkun.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lábẹ́ fọ́tò

Ta ni nínú wa tí kò ṣe eré lékeléke rí? Tí wọ́n bá ti ń kọjá lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ àdúgbò á na ọwọ́ sókè, wọ́n á máa kọrin, pé kí ẹyẹ fún àwọn ní funfun sórí èékánná. Tó bá di ọjọ́ kejì, tí a rí àmì funfun bíńtín lórí èékánná, a ó máa yangàn nílé ìwé. A ò béèrè lọ́wọ́ ara wa rí pé irú ẹyẹ wo gan-an ló kọjá. Funfun ni, ó ń fò, ó ti parí.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí mo bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun láti lọ gba ohùn omi àti ohùn ẹyẹ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005. Hẹ́kítà 75 ni ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dọdẹ tàbí kó pẹja níbẹ̀. Létí odò, ẹyẹ funfun kan dúró lórí òkúta, ó tẹjú mọ́ omi bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí Instagram, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Lékeléke Ọ̀ṣun." Àwọn èèyàn gbádùn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó di alẹ́, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sábẹ́ fọ́tò náà: "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo fẹ fọ́tò náà tóbi. Ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn dúdú láti òkè délẹ̀, àfi ìka ẹsẹ̀ nìkan tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ìyeyè sí ṣòkòtò dúdú. Ẹnu rẹ̀ náà dúdú, ó tín-ín-rín, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Lékeléke kì í rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹyẹ yangàn fún gbogbo ayé, mo ti pè é lórúkọ ẹlòmíì.

Mẹ́rin ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan

Àwọn òyìnbó ń pe àwọn ẹyẹ yìí ní egret. Mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni lékeléke gan-an, tí wọ́n ń pè ní Cattle Egret. Kò ga, ọrùn rẹ̀ ò gùn tó ti àwọn yòókù, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kún bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu tí kò tíì gbé e mì. Ọ̀dọ̀ màlúù lẹ máa bá a. Bí màlúù bá ń rìn, tata á máa fò sókè láti inú koríko, lékeléke á sì máa ṣa wọ́n jẹ. Nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn da tíì sára aṣọ funfun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba òkè Ọya lọ. Ẹyẹ yìí kò sì rọra rìnrìn àjò o: ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti Áfíríkà níbí, ó fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ.

Èkejì ni Little Egret, ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè tí mo rí ní Igbó Ọ̀ṣun. Ẹnu dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, ìka ìyeyè. Inú omi ló ti ń jẹun. Á fi ẹsẹ̀ rú ẹrẹ̀ kí ẹja kéékèèké lè sá jáde, á sì ki wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Great Egret. Òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, ó lè ga tó mítà kan. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ká kọ́rọ́ láàárín bí ibi tí páìpù omi ti tẹ̀. Tí ẹ bá rí ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu rẹ̀, tó gba abẹ́ ojú kọjá lọ sẹ́yìn ojú.

Ẹ̀kẹrin ló ń dààmú èèyàn jù. Intermediate Egret ni wọ́n ń pè é, torí pé àárín ló wà nínú ohun gbogbo. Ó tóbi ju lékeléke lọ, kò tó Great Egret. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ìlà ẹnu tí mo sọ yẹn, abẹ́ ojú ni tirẹ̀ parí sí, kì í kọjá sẹ́yìn.

Ẹ tún wá ṣọ́ra fún ẹlẹ́tàn kan. Squacco Heron ni orúkọ rẹ̀. Tó bá dúró sínú koríko, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ẹ lè má rí i rárá. Àfi tó bá gbéra báyìí, apá rẹ̀ á funfun gbòò! Ẹni tó bá rí i lókè á ní lékeléke ni. Ẹni tó bá rí i nílẹ̀ á ní irú lékeléke wo nìyí?

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹyẹ yìí. Funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Tí ẹ bá ti sọ pé ẹyẹ kan funfun, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Òṣómàáló àti onígbèsè

Àbúrò bàbá mi kan ń sin ẹja àrọ̀ lọ́nà Ìbòkun. Bàbá Kékeré là ń pè é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo yà síbẹ̀ nígbà tí mo ń lọ sí Iléṣà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kékeré."

"Iṣẹ́ wo, ọmọ mi? Iṣẹ́ tí olè ń jẹ èrè rẹ̀?"

Ó mú mi lọ sídìí pọ́ǹdù. Ó ní ọmọ ẹja tí òun dà sínú rẹ̀ ti ń dínkù, òun ò sì rí òkú wọn. Ó wá nawọ́ sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀, níbi tí Fúlàní darandaran kan ti ń da màlúù. Lékeléke tó ogún ló ń tẹ̀ lé màlúù wọ̀nyẹn. "Àwọn olè náà nìyẹn," ló wí. Ó ti ra oògùn apakòkòrò. Ó fẹ́ fi ra ẹja wẹ́wẹ́, kó tẹ́ ẹ sí etí omi lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àyà mi já. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja?"

Ó ní, "Ẹyẹ funfun ni mo ń rí létí omi ní kùtùkùtù. Ẹyẹ funfun náà ló wà níbẹ̀ yẹn. Kí ló tún kù?"

Ẹ rí i, mo ti gbé fọ́tò sórí Instagram rí pẹ̀lú irú ọgbọ́n yẹn gan-an. N kò lẹ́nu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan. Bàbá àgbà wa, bàbá tó bí Bàbá Kékeré, Òṣómàáló ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ fetí sílẹ̀: àwọn Òṣómàáló ni oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó máa ń ru aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, Òṣómàáló á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde, kò ní jókòó, àfi tó bá gba owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí Bàbá Àgbà bá lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè ńkọ́, nítorí pé òun àti onígbèsè jọ wọ irú aṣọ kan náà?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ á ro wọ́n lásán nìyẹn."

"Ẹ fún mi ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá."

Mo sùn síbẹ̀. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, àwa méjèèjì ti lóṣòó sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi pẹ̀lú fóònù àti bínókúlà tí mo yá. Kò pẹ́ tí ẹyẹ funfun mẹ́ta fi balẹ̀ sétí pọ́ǹdù. Mo gbé bínókúlà fún Bàbá Kékeré. Mo ní, "Ẹ má wo ara wọn. Ẹ wo ẹnu, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀."

Ó wò ó. "Ẹnu dúdú. Ẹsẹ̀... kí nìyí? Ta ló kun ìka ẹsẹ̀ wọn?"

Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ gíga kan dé, ó dúró bí òpó, kò mira. Nígbà tó máa mira, ẹja tó gùn tó ìka ọwọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Kékeré fẹ́ dìde, mo dì í mú.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù kí màlúù tó dé sínú pápá. Lékeléke bá wọn dé. Títí oòrùn fi mú, kò sí ìkankan nínú wọn tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Tata ni wọ́n ń jẹ. N kò sọ pé lékeléke ò lè gbé àkèré tàbí ẹja bíńtín tó bá kò ó lọ́nà o, ṣùgbọ́n apẹja kọ́ ni. Ogún ni wọ́n, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n nítorí gbèsè ẹlòmíì.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé ó wá fi oògùn náà fún ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè ni? Rárá. Nígbà tí a jókòó tí a rò ó dáadáa, ó rí i pé oògùn kì í wo ẹsẹ̀. Ajá lè jẹ ẹ́. Ọmọdé lè gbé ẹja náà. Òjò lè gbá a wọnú pọ́ǹdù tó ń dáàbò bò. Àwọ̀n ló rà, ó ta á bo orí pọ́ǹdù. Nísinsìnyí, ó máa ń pè mí lórí fóònù: "Ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè ti dé o. Ó dúró sórí òpó àwọ̀n mi, ó ń wò mí tìkàtẹ̀gbin." (Ẹ̀rín.)

Lórí òkun, ẹsẹ̀ ò sí láti wò

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí ìbéèrè rẹ̀, èmi náà lọ sí Èkó nínú oṣù Kejìlá, mo wọ ọkọ̀ náà. Mo ní ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ ni màá wò. Háà! Ọkọ̀ ń fò sókè sódò, ẹyẹ ń sáré bí ọfà, ìmọ́lẹ̀ ń ta láti ojú omi. Ẹyẹ tó ń fò ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́ ìyẹ́. Gbogbo ọgbọ́n tí mo kó wá láti Ìbòkun wọmi.

Àbí kò wọmi? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí ẹyẹ wà àti ohun tó ń ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lékeléke àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí wọ́n bá ń fò, wọ́n máa ń ká ọrùn mọ́ èjìká, ẹsẹ̀ wọn á nà sẹ́yìn, wọ́n á sì máa lu apá jẹ́jẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé ọkọ̀ yìí, apá wọn gùn, ó rí ṣóńṣó, ìrù wọn là sí méjì, dúdú wà lórí wọn bí fìlà. Wọ́n á dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á kọ ẹnu sísàlẹ̀, wọ́n á sì já lu omi. Tern ni wọ́n.

Irú tern tó wà ní etíkun wa tún ju ẹyọ kan lọ. Níbi tí ẹsẹ̀ ò ti ṣeé wò, ẹnu ni kí ẹ wò. Caspian Tern ni ó tóbi jù nínú gbogbo tern ayé. Ẹnu rẹ̀ nípọn, ó pupa bíi kárọ́ọ̀tì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, tí kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀, ni West African Crested Tern. Sandwich Tern, tó máa ń wá láti Yúróòpù nígbà òtútù wọn, ẹnu tirẹ̀ dúdú, àfi ṣóńṣó rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni tó fi ẹnu tọ́ pupa ẹyin wò. Common Tern kéré sí gbogbo wọn, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dúdú ní àkókò tó bá wà lọ́dọ̀ wa.

Ojú á tàn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, gbogbo ẹnu ló dúdú. Tí kò bá sí ẹyẹ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó tóbi tàbí ó kéré. Fìlà dúdú yẹn náà máa ń fà sẹ́yìn tí kì í bá ṣe àkókò ìyẹ́yin, tí iwájú orí á funfun. Mo rí ẹyẹ tó pọ̀ lọ́jọ́ náà. Méjì péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ irú tí wọ́n jẹ́. Àwọn yòókù, "tern" lásán ni mo kọ, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ẹ má bàa tijú: ẹlẹ́nu ọsàn tí mo sọ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi kà á mọ́ Royal Tern tó wà ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò DNA ló fi hàn wọ́n pé ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù kì í ṣe ti Amẹ́ríkà rárá, ni wọ́n bá fún un ní orúkọ tirẹ̀. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè ṣì í, ìwọ tí ọkọ̀ ń jù sókè sódò ńkọ́?

Òrùka ẹsẹ̀

Ẹnì kan lè ní, gbogbo wàhálà yìí, ta ló kàn? Ẹ wo Gánà. Tern kan wà tí wọ́n ń pè ní Roseate Tern. Ó máa ń yé ẹyin ní Áyálándì àti Bìrìtéènì, á sì wá lo ìgbà òtútù ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, pàápàá Gánà. Òun àti Common Tern jọ ara wọn gan-an. Nígbà tí iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní Yúróòpù, wọn ò mọ ohun tó ń pa á. Létí òkun Gánà, àwọn ọmọkùnrin ń fi okùn àti ìwọ̀ mú tern. Lójú wọn, ẹyẹ òkun ni gbogbo rẹ̀. Òrùka irin kékeré tí wọ́n ti fi sẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú ẹyẹ náà láti kékeré ló fi hàn pé Roseate wà lára àwọn tí wọ́n ń mú. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo létí òkun níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rí i? Ẹsẹ̀ náà ló tún sọ̀rọ̀.

Fóònù yín tó fún un

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá ní kámẹ́rà ńlá. Tí ẹ bá ya ẹyẹ funfun lóòrùn, ó máa ń mọ́lẹ̀ jù, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kan ẹyẹ náà lójú fóònù, kí ẹ wá fa àmì oòrùn yẹn sísàlẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi hàn. Áàpù Merlin lè dábàá orúkọ fún yín, ṣùgbọ́n àbá ni. Ẹ̀yin lẹ máa wo ẹnu àti ẹsẹ̀.

Tí ọwọ́ yín bá sì mọ́ ọn, ẹ gba áàpù BirdLasser. Òun ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà, tí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos ń darí. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí sí àwọn igun kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti òòró. Ẹ ó lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú igun kan, ẹ ó sì kọ gbogbo irú ẹyẹ tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ bá gbọ́. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ má kọ ọ́. Orúkọ tí ẹ bá kọ ni ẹni tó wà ní Jos máa gbà gbọ́, kò bá yín dé etí odò Ọ̀ṣun.

Àbúrò mi tó wọ ọkọ̀ Tarkwa Bay, ìdáhùn rẹ nìyí: rárá, lékeléke kò lúwẹ̀ẹ́ lókun. Àwọn tó tẹ̀ lé yín, ilé wọn ni ẹ wọ̀. Ẹ̀yin tó kù, iṣẹ́ tí mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹyẹ funfun àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí, yálà lẹ́yìn màlúù, lórí ààtàn, tàbí lẹ́bàá gọ́tà, ẹ má tíì pè é lórúkọ. Ẹ wo ibi tó wà. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi.

Jẹnẹrétọ̀ ti kú, ẹ gbọ́ ọ? Ìyẹn ni pé iná ti dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ cháàjì fóònù mi. Ó dìgbà o.